Ẹ̀rọ Tí Ń Dán Etí Awọ

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ọmọge, ẹ̀rọ kékeré alọ́wọ́mú tí ń yí bíríbírí, tí àwọn oníṣẹ́ awọ fi ń dán etí àpò, ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Níhìn-ín ní Ṣakí ni mo ti fi tèmi ba àpò ìyá ọkọ mi jẹ́, èmi tí ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ìtọ́jú ilé! Kí n tó ṣẹ́jú, etí àpò ti jó, ó sì ká kò. Ìyá kò bá mi wí. Wọ́n kàn fi í kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọn kò sì gbé e jáde mọ́.

Ẹ má ṣe wo agbára nìkan bí ẹ bá ń rà á. Ọ̀pọ̀ wọn lè yí tó 30,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Ooru rẹ̀ yóò jó awọ. Ẹ ra èyí tí a lè dín eré rẹ̀ kù dé 5,000. Awọ tí a fi èso bàgàrúwà ṣe ń dán dáadáa. Ẹ fi sáńpépà tí ó kúnná tẹ́ etí rẹ̀, ẹ fi omi rin ín díẹ̀, kí ẹ sì máa gbé orí onígi ẹ̀rọ náà lọ gbé e bọ̀, láìdúró lójú kan. Ẹ bo imú, ẹ so gèlè le. Àjákù awọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò, ohun tí èmi kò ṣe.

Mo ń rán òmíràn fún Ìyá báyìí.