Oṣù Karùn-ún ní Peckham
Ẹ̀yin òbí, ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, òtútù a máa dínkù lóṣù karùn-ún. Ewé tútù a bo igi, oòrùn kì í sì í wọ̀ títí di nǹkan bí agogo 9 alẹ́.

Oṣù ìdánwò ni pẹ̀lú. Àkọ́bí ọmọ ọdún 16 ń ṣe GCSE, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún 11 ń ṣe SATs. Àbíkẹ́yìn ń sunkún àtilọ ṣeré ní Burgess Park. Ó ní ilẹ̀ kò tíì ṣú.

Ẹni tó bá dúró de òkùnkùn níbẹ̀ kò ní rí ọmọ kó jọ. Aago ni kí ẹ wò. Ẹ pè wọ́n wọlé lágogo 7, kí ẹ jọ jẹun, kí ẹ jọ gbàdúrà. Ìdánwò yóò kọjá. Ìrẹ́pọ̀ àwọn ọmọ ni yóò kù.