Ta Ló Jẹ̀bi Àwòrán Tó Ń Ṣẹ́jú?

Ẹni tó bá lo Linux lórí kọ̀ǹpútà tó ní káàdì àwòrán NVIDIA ní nǹkan bí ọdún 2022 tàbí 2023 lè ti rí i rí. Èèyàn á tẹ lẹ́tà márùn-ún, mẹ́rin á hàn, ìkarùn-ún á yọjú, á pòórá, á tún padà dé. Bí ó bá ń fa ojú-ewé sókè, ojú-ewé náà á fò padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ wìrì, kó tó tún máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ kò sọ nù o. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ láìku lẹ́tà kan. Àwòrán àtẹ̀yìnwá ni kọ̀ǹpútà ń gbé jáde lẹ́yìn tí tuntun ti dé.

Ta ni ká mú? Ṣé ètò tí wọ́n fi ń kọ̀wé ni, àbí dráífà káàdì àwòrán, àbí Linux fúnra rẹ̀? Orí ìbéèrè yìí ni àwọn tó ń tún compositor ṣe ń sùn, orí rẹ̀ náà ni wọ́n ń jí.

Compositor ni sọfítíwià tó ń kó àwòrán gbogbo fèrèsé jọ di ẹyọ kan tí ojú ń rí. Bí èèyàn bá ṣí Firefox, tó ṣí ibi ìkọ̀wé, tó tún ń wo fídíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ètò kọ̀ọ̀kan ń ya tirẹ̀ lọ́tọ̀ sínú ibi ìpamọ́ tí wọ́n ń pè ní buffer, á sì fà á lé compositor lọ́wọ́. Compositor ló mọ èyí tó wà lókè àti èyí tó wà lábẹ́, òun ló ń tò wọ́n, òun ló sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sójú kọ̀ǹpútà. Èyí tó pọ̀ jù nínú mọ́nítọ̀ tí à ń lò ń pààrọ̀ àwòrán nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, nǹkan bí 16.7 nínú rẹ̀ ni compositor ní fún àwòrán kan kí òmíràn tó kàn. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, fídíò á máa ta gìrìgìrì.

Kí irú iṣẹ́ yìí tó bọ́ sọ́wọ́ Wayland, àdéhùn tuntun tí a ó dé orí rẹ̀ láìpẹ́, X, ètò tó ń gbé fèrèsé sójú kọ̀ǹpútà, ni ọ̀pọ̀ nínú ayé Unix ń lò. Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1984, X11 sì jáde ní 1987. Iṣẹ́ ribiribi ni wọ́n ṣe. Nígbà náà, ètò lè máa ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ńlá nínú ilé kan, kí àwòrán rẹ̀ máa hàn nínú ilé mìíràn, X ló sì ń bá a fa ìlà, tó ń bá a ya lẹ́tà. Ohun tí wọ́n kọ́ fún ayé ìgbà yẹn ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n ń fi kún, fún ohun tó ju ogún ọdún lọ. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ X. Ètò ń ya àwòrán ara rẹ̀, kernel, ọkàn Linux, ń ṣètò mọ́nítọ̀, compositor sì ń to fèrèsé. X wá dúró láàárín wọn, ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún fún òsì.

Ọ̀rọ̀ ààbò tún wà níbẹ̀. Lórí X, ètò kan lè máa gbọ́ gbogbo ohun tí èèyàn ń tẹ̀ sínú ètò mìíràn, kódà kó jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣínà báǹkì. Kóòdù náà sì ti dàgbà débi pé kò sí ẹni tó ń yẹ gbogbo igun rẹ̀ wò mọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2014, X.Org, àwọn tó ń bójú tó kóòdù X, kéde àléébù kan nínú libXfont, níbi tí wọ́n ti ń ka fáìlì fọ́ńtì BDF. Ẹni tó bá fi fáìlì burúkú síbẹ̀ lè mú kí ètò kọ ọ̀rọ̀ kọjá ààyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un nínú memory. Nígbà tí wọ́n tọpasẹ̀ kóòdù náà, oṣù Karùn-ún 1991 ni wọ́n bá a. Ó lé ní ọdún 22 tó ti wà níbẹ̀, lójú gbogbo ayé. Irinṣẹ́ kan tó ń ka kóòdù láìmú un ṣiṣẹ́ ló tú àṣírí rẹ̀, cppcheck ni orúkọ rẹ̀. Pé kóòdù wà ní gbangba kò túmọ̀ sí pé ẹnìkan ń kà á.

Kristian Høgsberg bẹ̀rẹ̀ Wayland ní 2008, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Red Hat. Orúkọ ìlú kékeré kan ní Massachusetts ló fún un, ó sì sọ compositor àkọ́kọ́ tó fi ṣe àpẹẹrẹ ní Weston, ìlú mìíràn ní ẹkùn kan náà. Ẹ̀dà 1.0 jáde ní oṣù Kẹwàá 2012. Ohun tó ń lé kò ju pé kí gbogbo àwòrán tó bá dé ojú kọ̀ǹpútà pé pérépéré, kó má ya, kó má ṣẹ́jú, kó má hàn ní ààbọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí ni pé Wayland fúnra rẹ̀ kì í ṣe ètò tí wọ́n ń ṣí. Àdéhùn ni, ọ̀rọ̀ tí ètò àti compositor gbọ́dọ̀ máa bá ara wọn sọ. GNOME, ọ̀kan lára àyíká iṣẹ́ (desktop) orí Linux, ní compositor tirẹ̀, Mutter. KDE, àyíká iṣẹ́ mìíràn, ní KWin. Sway wà, orí àkójọ kóòdù wlroots ni wọ́n kọ́ ọ lé. Àléébù tí wọ́n bá tún ṣe nínú KWin kò kan Mutter. Èyí wà lára ohun tó mú ìrìn náà pẹ́, àwọn kan sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé Wayland kò ní parí láéláé. Nínú àwọn oríṣi Linux, Fedora 25 fi í ṣe àṣàyàn àkọ́kọ́ lórí GNOME ní oṣù Kọkànlá 2016. Ubuntu náà gbé e wọlé ní 17.10, wọ́n padà sí X ní 18.04, wọn kò sì tún fi Wayland síwájú àfi ní 21.04. Ẹlòmíràn lè pe ìpadàsẹ́yìn yẹn ní ìtìjú. Lójú òǹkọ̀wé yìí, ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe. Ẹ̀dà tí wọ́n ń bójú tó fún ọdún púpọ̀, bíi 18.04, kò yẹ kó jẹ́ ibi tí a ó ti máa dán nǹkan wò lára ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń wá ẹlẹ́bi. Ẹni tó bá kọ WAYLAND_DEBUG=1 síwájú orúkọ ètò kan nínú terminal, tó wá ṣí ètò náà, á rí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ètò àti compositor ń bá ara wọn sọ, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, tòun ti àkókò. Ètò á sọ pé wl_surface.attach: buffer mi rèé. Á sọ pé damage: ibi tó yí padà nínú rẹ̀ nìyí. Á sọ pé commit: mo ti ṣe tán, ẹ gbé e síta. Tó bá ṣe díẹ̀, compositor á dá a lóhùn pé wl_buffer.release: mo ti lò ó tán, gbà á padà. Àléébù tó fara pamọ́ sáàárín ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí kò lóǹkà. Bí ètò bá tún kọ nǹkan sórí buffer kí release tó dé, àwòrán á dàrú. Bí compositor bá gbàgbé release, ètò náà á dúró gbagidi, tàbí kó máa ṣí buffer tuntun títí memory á fi kún. Ẹni tó ń lò ó kò lè mọ ìyàtọ̀. Ohun tó máa sọ ni pé kọ̀ǹpútà òun ti gan. Ìlà wọ̀nyí ló máa jẹ́rìí.

Tí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ̀dà tó kọjá dára, tí tuntun sì bàjẹ́, git bisect, irinṣẹ́ tó ń wá àtúnṣe tó ba nǹkan jẹ́, ló kù. Ká ní àtúnṣe 1,000 ló wà láàárín ẹ̀dà méjèèjì. Wọ́n á dán èyí tó wà ní ìdajì wò. Bí ó bá dára, wọ́n á ju ìdajì àkọ́kọ́ nù, wọ́n á tún pín ìyókù sí méjì. Nǹkan bí ìdánwò mẹ́wàá péré, wọ́n á ká a mọ́ orí àtúnṣe kan ṣoṣo. Ìwà pẹ̀lẹ́ ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ju ọgbọ́n lọ, ẹni tí kò lè kọ ìlà kóòdù kan sì lè ṣe é, bí ó bá lè kọ́ ètò náà láti inú kóòdù kó sì ní sùúrù.

Àwòrán tó ń ṣẹ́jú lórí NVIDIA ńkọ́? Ìyẹn kò ṣeé ká mọ́ orí àtúnṣe kan. Àwọn dráífà tí kóòdù wọn wà ní gbangba ti ní àdéhùn kan láti ọjọ́ pípẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í fẹnu sọ. Nígbà tí káàdì bá ṣì ń ya buffer kan lọ́wọ́, kernel mọ̀, á sì dá ẹni tó bá fẹ́ kà á dúró. Dráífà NVIDIA kò sí nínú àdéhùn yìí. Compositor á gba buffer, á rò pé ó ti parí, á sì gbé e síta: ọbẹ̀ tí kò tíì jinná ni wọ́n ń gbé ka iwájú àlejò. Àwọn ètò àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún X, tí Xwayland ń bá gbé wọnú ayé tuntun, ni ìyà náà jẹ jù.

Mutter kò jẹ̀bi, KWin kò jẹ̀bi, ètò ìkọ̀wé kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àdéhùn gan-an ló ní ihò. Bí àwọn tó ń ṣe compositor bá fẹ́, wọ́n lè fi ọgbọ́n àbùjá bò ó mọ́lẹ̀ nínú compositor kọ̀ọ̀kan, kí ó di pé gbogbo àwòrán ń dúró pẹ́, títí kan ti ẹni tí kò ní NVIDIA rárá. Wọn kò gbà. Wọ́n fẹ́ kí ètò máa fẹnu ara rẹ̀ sọ àsìkò tí káàdì máa ya buffer tán, kó sì mọ àsìkò tí compositor máa lò ó tán. Wọ́n ti gbìyànjú irú rẹ̀ ní 2018, ṣùgbọ́n èyí tó wá yanjú ọ̀rọ̀ ni linux-drm-syncobj-v1, tó wọlé ní 2024. Nígbà yẹn, ìlẹ̀kùn ṣí níbi gbogbo. Mutter gbà á wọlé ní 46.1, Xwayland ní 24.1, dráífà NVIDIA ní 555, KWin ní Plasma 6.1 ti KDE, kí ìdajì ọdún náà tó parí. Òṣìṣẹ́ NVIDIA ló kọ apá ti Xwayland fúnra rẹ̀, sí gbangba, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á kó sì takò ó. Ẹni tó ṣe ìmúdọ̀tun kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní àsìkò yẹn kàn rí i pé lẹ́tà tó tẹ̀ kò pòórá mọ́. Kò mọ̀ pé ilé mẹ́rin márùn-ún ló fohùn ṣọ̀kan kí ìyẹn tó rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wíwá àléébù yìí kan àwa tí à ń kọ Yorùbá, ó sì kàn wá dáadáa. Nínú xkeyboard-config, àkójọ ètò kíbọ́ọ̀dù tí X àti Wayland jọ ń lò, ètò kíbọ́ọ̀dù Nàìjíríà wà, ti Yorùbá sì wà lábẹ́ rẹ̀. Lórí Wayland, compositor ló ń fi í ránṣẹ́ sí ètò gbogbo. Ṣùgbọ́n lẹ́tà wa ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà àwọn èdè ní nọ́ńbà, ní ààyè fún ẹ, ọ àti ṣ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà àti àmì ohùn ni wọ́n so pọ̀. Nínú UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà wọ̀nyí, ẹ gba báìtì mẹ́ta, àmì ohùn gba méjì, márùn-ún ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́tà e ti Gẹ̀ẹ́sì kò ju báìtì kan lọ.

Wàyí o, nínú text-input-v3, àdéhùn Wayland fún àwọn ètò tó ń bá èèyàn tẹ̀wé, báìtì ni wọ́n fi ń ka iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́. Ẹni tó kọ kóòdù rẹ̀, tó sì fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan dán an wò, lè ka lẹ́tà dípò báìtì, kí gbogbo rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ tí Yorùbá bá kọ ẹ́ ni àṣírí á tú: àmì ohùn á lọ, lẹ́tà á kù, tàbí kí ààbọ̀ lẹ́tà wà níbẹ̀ bíi pálapàla. Àwọn tó ń ṣe é ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà kò lè rí èyí láéláé bí a kò bá sọ fún wọn. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra wa. Wọn kò ní ohun tí wọ́n máa fi mọ̀ ni.

Nítorí náà, ìwọ tó ń lo Linux, tó sì ń kọ Yorùbá, má kàn kùn sínú kí o padà sí Windows. Kọ ẹ̀sùn náà kó yè kooro: orúkọ compositor àti ẹ̀dà rẹ̀, irú káàdì àwòrán tí o ní, ohun tí o tẹ̀, ohun tí o retí, ohun tí o rí. Fi ìlà tí WAYLAND_DEBUG gbé jáde kún un, kí o sì kọ́kọ́ yọ ohun àṣírí inú rẹ̀ kúrò, torí bọ́tìnnì tí o tẹ̀ á hàn níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní ọ̀dọ̀ wọn kọ́ ni àléébù náà wà, gbé e lọ sílé kejì. Fi ẹ́ àti ọ̀ dán ẹ̀dà tuntun wò kí wọ́n tó fi í síta. Àwọn tó mọ ibi tí àmì ohùn wa yẹ kó jókòó sí kò pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, a sì nílò rẹ níbẹ̀.