Ọjọ́ Kan Nínú Igbó Ọ̀ṣun

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kẹwàá, mo wọ ọkọ̀ Òṣogbo ní gáréèjì Ìwó Róòdù, n'Ìbàdàn. Àpò kékeré kan ló wà lẹ́sẹ̀ mi: ìwé tí mo fi ń yàwòrán, pẹ́ńsùlù mẹ́rin, àti ìwé ìgbanisíṣẹ́ kan tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá mi wá. Iṣẹ́ akọ̀wé ni, ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Owó oṣù wà níbẹ̀, ọjọ́ Ajé ni wọ́n sì ń retí èsì mi. Ọdún kẹfà nìyí tí mo ti ń ya àwòrán sínú ìwé àwọn ọmọdé, mi ò sì tíì mọ adùn ohun tí à ń pè ní owó oṣù.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má ṣe rò pé fàájì ni mo ń lọ ṣe. Mo ń lọ dágbére ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ilé-ìwé wa kó wa lọ wo Igbó Ọ̀ṣun. Bí a ti dé sílé, mo ya ògiri kan tí mo rí níbẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò mi, tìṣà sì nà mí lẹ́gba méjì. Ibẹ̀ ni mo ti kó iṣẹ́ yìí ràn. Ó tọ́ kí n dá a padà síbi tí mo ti mú un.

Ohun tó mú mi dé orí ìpinnu yẹn kò gùn láti sọ. Ilé ìtẹ̀wé kan gba àwòrán mẹ́rìnlélógún lọ́wọ́ mi, wọ́n san ìdajì owó, wọ́n sì dákẹ́ fún oṣù mẹ́rìnlá. Ọjọ́ tí mo rí ìwé náà lórí àtẹ, orúkọ mi kò sí nínú rẹ̀. Mo rà á. Owó ara mi ni mo fi ra àwòrán ara mi.

Ọkọ̀ wa kọjá Àsẹ́jìrẹ́, omi tó dúró rẹrẹ lápá ọ̀nà. Ní Ìkirè, awakọ̀ rọra tẹ bíréèkì, àwọn obìnrin sì sáré yí wa ká pẹ̀lú dòdò wọn. Ẹni tí kò bá jẹ dòdò Ìkirè rí lè má mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ jù, èyí tí ẹlòmíì ìbá dà sẹ́yìn ilé, ni wọ́n ń pò mọ́ ata, tí wọ́n ń dín in títí yóò fi dúdú. Mo ra ti igba náírà méjì, mo sì ti jẹ ẹ́ tán kí a tó dé Gbọ̀ngán. Láti ibẹ̀ a yà sí ọ̀nà Ọdẹ-Òmu, a gba Àkọ̀dà kọjá, ó di Òṣogbo.

Igbó Ọ̀ṣun fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, àjọ UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Èyí ni ohun tí ìwé àwọn arìnrìn-àjò máa ń sọ. Ohun tí wọn kì í sọ ni bí ariwo ìlú ṣe ń dákẹ́ lójijì bí ẹsẹ̀ bá ti wọ abẹ́ igi, tí ohùn tìrẹ náà yóò sì rẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá ọ wí. Ọ̀bọ méjì jókòó sórí ògiri, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó jẹ wọ́n lówó. Odò ń ṣàn, ó pọ́n nítorí òjò tó rọ̀ mọ́jú.

Mo kọ́kọ́ lọ síbi ère Ìyá Mọ̀pó. Ìyá Mọ̀pó ni òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin: àwọn amọ̀kòkò, àwọn aláró. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, gíga rẹ̀ nìkan ni mo rí. Lọ́jọ́ yìí, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ojú mi lọ bá. Mo rí ibi tí sìmẹ́ńtì ti là, ibi tí ewédò ti hù, ibi tí àwọ̀ rẹ̀ ti yàtọ̀ nítorí pé ọwọ́ mìíràn ti padà wá lẹ̀ ẹ́. Ère náà kún fún àtúnṣe.

Àdùnní Olórìṣà ló mọ ọ́n. Susanne Wenger ni orúkọ àbísọ wọn, ọmọ ìlú Graz ní ilẹ̀ Austria, tí a bí ní ọdún 1915. Wọ́n dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, nígbà tó yá wọ́n fi Òṣogbo ṣe ilé títí wọ́n fi jáde láyé ní oṣù Kìíní ọdún 2009. Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi: ìtàn wọn ti máa ń bí mi nínú díẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ bí ẹni pé òyìnbó kan ṣoṣo ló gba igbó náà là. Kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn fúnra wọn kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ikán ń jẹ ojúbọ Ọ̀ṣun, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú ni wọ́n jọ ṣe é. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kí ó tó di ẹni tó ń fi sìmẹ́ńtì ṣe àwọn ògiri tó dà bíi léèsì yẹn. Káfíńtà ni Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ère lára òkúta. Kàsálì Àkàngbé Ògún ní tirẹ̀ wá láti ìdílé àwọn agbẹ́gilére.

Mo ń wá ògiri tèmi, èyí tí mo jẹgba lé lórí. Mo rí i, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ti wà níwájú rẹ̀ lórí ìjókòó kékeré, pẹ̀lú páànù sìmẹ́ńtì àti trówẹ́lì. Irun rẹ̀ ti funfun. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ń di ojú ibi tó ti là ní ìdí ògiri náà, wọn kò kánjú rárá.

Mo bi wọ́n léèrè pé, "Bàbá, ìgbà wo lẹ máa parí ẹ̀?"

Wọ́n wo ògiri, wọ́n wo èmi. "Èyí? Ó ti parí léṣìí. Ó tún parí ní ọdún tó ṣáájú ìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n bá àwọn gbé omi tó wà lẹ́yìn mi, mo gbé e, wọ́n sì bi mí léèrè iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Mo ní àwòrán ni mò ń yà. Wọ́n ní ṣé ó ń mówó wálé. Mo ní rárá.

"Àwọn ilé tí èmi ń kọ́ l'Òkè-Báálẹ̀ ló ń bọ́ mi," ni wọ́n wí. "Bí mo bá ti ní ọjọ́ kan sí méjì, mo wá síbí. Bọ́ọ̀sì méjì ni. Ìyàwó mi ní mo ya wèrè." Wọ́n tún fi trówẹ́lì gé sìmẹ́ńtì díẹ̀. "Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n na trówẹ́lì sí mi. Mo jókòó sílẹ̀, mo lẹ ibì kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ó wọ́. Wọ́n há a kúrò, wọ́n ní kí n tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kó tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Mi ò lè sọ fún yín ìgbà tí inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn nídìí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní í mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é. Orúkọ mi kò sí lára ògiri yẹn náà, ṣùgbọ́n kò dùn mí.

Nígbà tí mo padà sáàárín ìlú, ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ l'Òkè-Báálẹ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Òṣogbo yìí náà ni Dúró Ládiípọ̀ ti dá M̀bárí M̀báyọ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1962. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni m̀bárí. Àwọn ará Òṣogbo ló sọ ọ́ di ti ara wọn: bí mo bá rí i, n ó yọ̀. Àwọn tí wọ́n jáde láti ibẹ̀ lokìkí wọn kàn kárí ayé. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe wọlé? Iṣẹ́ iná mànàmáná ni Jímọ̀ Bùráímọ̀ ń ṣe fún ẹgbẹ́ òṣèré Ládiípọ̀. Twins Seven-Seven ń jó fún ẹni tó ń ta oògùn kiri ni nígbà tó bá ẹsẹ̀ wọ ilé náà. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ohun tó ń bọ́ wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó mú bọ́rọ́ọ̀ṣì.

Gbogbo ọdún mẹ́fà yìí, èrò mi ni pé ẹni tó bá gba iṣẹ́ mìíràn ti kọ àwòrán sílẹ̀ nìyẹn. Ta ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀? Mo ronú títí, n kò rí ẹni náà.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo dé gáréèjì. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán, mo sì ń ronú nípa sìmẹ́ńtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ nídìí ògiri yẹn. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn ni. Aago mélòó ni wọ́n ń ṣíwọ́ níbẹ̀?"

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ìbéèrè mìíràn ni wọ́n ti ń múra sílẹ̀ dè.

"Aago mẹ́rin," ni wọ́n wí. "Kí ló dé?"

Mo jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, mo sì ń ka wákàtí tó wà láàárín aago mẹ́rin àti ìgbà tí oorun máa ń kùn mí. Ọwọ́ mi ṣì ń rùn fún sìmẹ́ńtì. Mo ṣí ìwé mi, mo fà pẹ́ńsùlù kan yọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ibi tó là ní ìdí ògiri náà kí iná inú ọkọ̀ tó kú.