Bíìkì pupa mi àti àwọn wòlíì orí tẹlifísọ̀n

  Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, kó jọ̀wọ́ fara dà á fún mi díẹ̀, torí pé orí pápá kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà máa parí sí.

Arsenal ni mò ń tì lẹ́yìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ọdún 2003 ni mo bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Àjàṣẹ́. Ilé fídíò kan wà nítòsí ibi tí mo háyà yàrá sí. 100 sẹ́fà la fi ń wọlé, a ó sì fún ara wa mọ́ orí bẹ́ńṣì bíi sàdíìnì inú agolo. Arsène Wenger ni kóòṣì Arsenal nígbà náà, ọmọ ilẹ̀ Faransé sì ni. Bó bá ń fi èdè rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún àwọn oníròyìn, àwa tí a fi Faransé kàwé máa ń gbọ́ ọ láìsí ògbifọ̀. Thierry Henry wà níbẹ̀, Vieira wà níbẹ̀, Pirès wà níbẹ̀. Kanu wá láti Nàìjíríà, Kolo Touré láti Kodifúà, Lauren láti Kamẹrúùnù. Lójú wa, ẹgbẹ́ tiwa ni. Ní sáà yẹn, eré 38 ni wọ́n gbá: wọ́n borí nínú 26, wọ́n ta ọ̀mì nínú 12, ẹnikẹ́ni kò nà wọ́n. Mo rò pé bí nǹkan á ṣe máa rí lọ nìyẹn.

Láti ìgbà náà títí di ìparí sáà 2024 sí 2025, Arsenal kò gba ife líìgì mọ́. Mo gbéyàwó, mo bímọ, irun orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, mo sì ń dúró.

Bí wọ́n bá tiẹ̀ ń ṣe ipò kẹwàá ni, ọkàn ì bá ti kúrò níbẹ̀. Ohun tó dunni ni pé wọ́n débẹ̀, wọn kò wọlé. Ní sáà 2022 sí 2023, 248 ọjọ́ ni wọ́n fi wà lókè tábìlì. Nígbà tó di oṣù kẹrin, wọ́n gbá ayò méjì wọlé Liverpool, Liverpool dá méjèèjì padà. Wọ́n gbá méjì wọlé West Ham, West Ham náà dá méjèèjì padà. Ọjọ́ West Ham yẹn ni Saka gbá pẹnáritì síta. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni o. Bùkáyọ̀ ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà kò bù kún ayọ̀ ẹnikẹ́ni nílé mi. Manchester City gba ife. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, Arsenal ní máàkì 89, City ní 91. Ní èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, wọ́n ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá, Liverpool sì fi máàkì 10 jù wọ́n lọ. Ipò kejì lẹ́ẹ̀mẹta léraléra! Nínú kíláàsì mi, ọmọ tó bá ṣe ipò kejì lẹ́ẹ̀mẹta, a ó pàtẹ́wọ́ fún un. Ní ti Arsenal, èébú ni.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí Faransé ń pè ní consultant, àwọn tó ń jókòó yí tábìlì ká lórí tẹlifísọ̀n, tí wọ́n wọ kóòtù, tí wọ́n ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ fún wa. Àwa ará ẹ̀bá ibodè, oríṣi méjì la ní. Tiwa ń sọ̀rọ̀ lórí Canal+ ní èdè Faransé. Bí mo bá sì kọjá sí Mẹ́kọ lọ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tiwọn ń sọ̀rọ̀ lórí SuperSport ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí, Manchester United ló ń ṣe. Ó máa ń ní, "Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù yìí, kí lẹ̀yin ará Faransé mọ̀ nínú rẹ̀?" Mo dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: Arsenal kò ní ọkàn akin, ẹsẹ̀ wọn á gbọ̀n tó bá di oṣù kẹrin.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ olùkọ́ máa ń wọ ènìyàn lẹ́jẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, mo mú ìwé tuntun kan, mo fa ìlà sí i, mo ń kọ ohun tí onítibí bá sọ pé yóò ṣẹlẹ̀ sínú rẹ̀. Ta ló máa gba ife? Ta ló máa lọ sílẹ̀? Kóòṣì wo ni wọn yóò kọ́kọ́ lé? Tó bá di ìparí oṣù karùn-ún, mo mú bíìkì pupa, mo sì fún wọn ní máàkì nínú 20, bí mo ṣe ń ṣe fún dictée. Sáà mẹ́ta nìyẹn. Ẹni tó gbìyànjú jù nínú gbogbo wọn gba 9.

Kì í ṣe pé wọn kò mọ bọ́ọ̀lù. Tí eré bá parí, tí wọ́n bá fi hàn wá pé ẹni yìí ló sáré kúrò ní ipò rẹ̀, pé ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí, mo máa ń kẹ́kọ̀ọ́ lára wọn. Púpọ̀ nínú wọn ló gbá bọ́ọ̀lù ju ẹni tó ń bú wọn lọ. Ìgbà tí wọ́n bá kúrò nínú ohun tó ti ṣẹlẹ̀, tí wọ́n bọ́ sínú ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, ni wọ́n ń di wòlíì. Ní ọdún 1995, Alan Hansen sọ lórí tẹlifísọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ènìyàn kò lè fi ọmọdé gba ohunkóhun. Manchester United tó ń bá wí gba líìgì, wọ́n gba ife FA, ní sáà náà gan-an. Ní 2015, Gary Lineker ní bí Leicester bá gba ife, ṣòkòtò abẹ́ nìkan lòun máa wọ ṣe ètò òun. Leicester gbà á. Mo fẹ́ràn Lineker torí pé ó san gbèsè ẹnu rẹ̀: nínú oṣù kẹjọ 2016, ó jáde pẹ̀lú ṣòkòtò abẹ́ lójú gbogbo ayé. Àwọn yòókù kì í san nǹkan kan.

Àwa náà kúkú mọ̀ ọ́n lára. Ní 2019, ní ilẹ̀ Íjíbítì, ta ló ní kí Bẹ̀nẹ̀ lé Mòrókò lọ sílé? A ta ọ̀mì pẹ̀lú Gánà, Gínì-Bìsáù àti Kamẹrúùnù, a ta ọ̀mì pẹ̀lú Mòrókò náà, a wá fi pẹnáritì lé wọn lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà ní Kétu, kò sẹ́ni tó sùn.

Sáà 2025 sí 2026 tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ, Arsenal na Manchester United nílé wọn ní ayò kan sí òdo. Mo pe Mẹ́kọ lórí fóònù, ẹnìkan kò gbé e. Ní ọjọ́ 23, wọ́n fún Leeds ní márùn-ún. Gyökeres tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà gbá méjì wọlé. Wọ́n tún mú ọmọ ọdún 15 kan wọlé, Max Dowman, ọjọ́ orí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní 3ème! Àwọn wòlíì gbéra: ọdún yìí ni, ife ti dé ilé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31, Szoboszlai gbá bọ́ọ̀lù kan láti ọ̀nà jíjìn, Liverpool borí pẹ̀lú ayò kan ṣoṣo. Àwọn tí mo kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́jọ ṣáájú tún ní: a ti wí i, ọkàn akin ni kò sí níbẹ̀. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín wọn.

Ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín náà ni ọwọ́ ti tẹ̀ mí.

Mo mú ọmọ mi ọkùnrin lọ sọ́dọ̀ aránṣọ láti wọn kakí ilé-ìwé. Ẹnì kan ló júwe ibẹ̀ fún mi, n kò dé ibẹ̀ rí. Bí a ṣe wọlé, obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà dìde, ó kúnlẹ̀ kí mi. "Ẹ káàbọ̀, Monsieur." N kò dá a mọ̀ títí ó fi dárúkọ ara rẹ̀. Mo kọ́ ọ ní 4ème, ọdún méjìlá sẹ́yìn. Ó ti ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin báyìí.

Bí ó ṣe ń wọn ọmọ mi, ó rí ẹ̀wù Arsenal lọ́rùn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ mi náà ò kúkú mẹ́nu. Ó sọ ọ̀rọ̀ ìwé mi fún un: pé bàbá òun ń fún àwọn ará tẹlifísọ̀n ní máàkì, pé wọ́n ń gba òdo. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá wò mí, ó ní:

"Monsieur, èmi náà ńkọ́? Ṣé mo wà nínú ìwé yín?"

Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́. N kò rí ẹ̀rín rín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Èmi ni olùkọ́ àgbà kíláàsì rẹ̀ lọ́dún náà, èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn sínú ìwé èsì wọn. Ó máa ń pẹ́ dé ilé-ìwé. Máàkì rẹ̀ jẹ́ 7, 8, nígbà mìíràn 9. Mo fi Faransé tó dán kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò lè ṣe BEPC, kí wọ́n wá nǹkan mìíràn fún un. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ ni, kò gbọ́ Faransé. Ó mú ìwé náà tọ̀ mí wá, ó ní, "Olùkọ́, ẹ bá wa kà á, kí ni wọ́n wí?" Èmi tí mo kọ ọ́ náà ni mo tú u sí Yorùbá fún un. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ní kò lè gba BEPC."

Ẹ gbọ́ o: "wọ́n ní" ni mo wí. Mo fi àwọn kan tí kò sí ṣe ìbòjú. Bàbá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, ọmọ náà kò padà wá. Wọ́n ti mú un lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ.

Lójú gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, mo bi í pé kí ló fà á tó fi máa ń pẹ́ nígbà náà. Kò bínú. Ó ní ìyá òun ń yan gàárì, pé láti aago mẹ́rin òwúrọ̀ ni òun ti máa ń wà nídìí iná, kí òun tó wẹ̀, kí òun tó rìn wá. Kíláàsì 4ème kò ní ju ọmọ márùndínláàádọ́ta lọ lọ́dún náà. N kò bi í rí.

Mo ní, "Má bínú sí mi."

Ó ní, "Monsieur, iṣẹ́ yìí ń bọ́ mi, n kò kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ yẹn, mo gbà á gbọ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èèyàn lè má gbà á." Ó wá sọ fún mi pé òun ti ń lọ sí kíláàsì alẹ́ láti ọdún tó kọjá, pé òun máa jókòó ṣe BEPC ní candidat libre ní ọdún tó ń bọ̀.

Bí mo ṣe délé, mo ṣí ìwé mi. Mo wo gbogbo àmì pupa tí mo ti fà. Àwọn wòlíì orí tẹlifísọ̀n, bí wọ́n bá ní Arsenal á ṣubú, Saka kò gbọ́ wọn. Bó bá tiẹ̀ gbọ́, yóò tún wọ bàtà rẹ̀, yóò jáde sí pápá. Ọ̀rọ̀ wọn kò yọ ẹnikẹ́ni kúrò lórí pápá. Tèmi yọ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kúrò nínú kíláàsì. Àwọn bàbá wa ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ní ń fọ́. Èmi tí mò ń ka ẹyin ẹlẹ́yin, n kò ka tèmi rí. Mo kọ orúkọ ara mi sí ojú ewé tuntun. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti ohun tí mo sọ nípa rẹ̀. Mo fi ibi máàkì sílẹ̀ lófo.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tó ń ka èyí, ilé-ìwé ń wọlé bọ̀. Ohun tí mo ti pinnu nìyí: ohun tí ọmọ ṣe ni mo máa kọ sínú ìwé èsì rẹ̀. Ohun tó máa dà lọ́la, n kò ní kọ ọ́ mọ́. Bó bá sì pẹ́ dé, mo máa bi í léèrè ohun tó ti ṣe kó tó dé.

Ní ti Arsenal, ẹ má bi mí ibi tí wọ́n máa parí sí. Mo máa wò ó bí mo ṣe ń wò ó láti 2003. Líìgì á parí lóṣù karùn-ún. BEPC á tẹ̀ lé e lóṣù kẹfà. Àbájáde méjèèjì ni mò ń dúró dè, ṣùgbọ́n èyí tí oorun kò ní kùn mí torí rẹ̀, ti Lọ́ńdọ̀nù kọ́.