Àjọkẹ́, ọ̀rọ̀ náà ju ẹsẹ̀ lọ

Àjọkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O ní kí n ròyìn ẹsẹ̀ àbúrò mi fún ẹ. Fìdí balẹ̀ kó o kà á.

Bọ́ọ̀lù ló lọ gbá nínú ọyẹ́, kò sì mu omi tó nǹkan. Lóru ni itan bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ló bá dé ìgbarókó, kí ilẹ̀ tó mọ́, apá òsì náà ti bẹ̀rẹ̀. Géńdé ń ké bí ọmọ ọwọ́! Ìyá onílé ní ó ti tẹ nǹkan tí wọ́n gbé dè é. Màámi ti ń wá àdí kiri. Mo ní ká kọ́kọ́ gbé e dé ọsibítù ná. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ayé, ayé á dúró dè wá.

Ọmọdébìnrin ni dókítà tó rí i, àmọ́ orí ẹ̀ pé. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ méjèèjì bóyá ọ̀kan wú, tó sì gbóná ju èkejì lọ, torí ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú iṣan, kó sì gba ibẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ó wá ibi tí iṣan ti ń lù kì-kì-kì lórí ẹsẹ̀. Ó ní bí ẹsẹ̀ bá tutù, tí ibẹ̀ ò sì lù, láàárín wákàtí díẹ̀ ẹsẹ̀ lè kú. Kò sí èyí kankan. Ló bá wo ẹyinjú ẹ̀: ó ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. “Kí ni jínótáìpù ẹ?”

Ọ̀gbẹ́ni ní AS ni, ó fi ìwé ẹ̀ hàn lórí fóònù. Dókítà bi í pé irú àyẹ̀wò wo ni wọ́n ṣe. Àjọkẹ́, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà! Àyẹ̀wò wéréwéré kan wà, wọ́n á po kẹ́míkà mọ́ ẹ̀jẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá tẹ̀ kọdọrọ bí dòjé, S wà níbẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹni tí S bá gbé. Ti AS á tẹ̀, ti SC náà á tẹ̀. Àyẹ̀wò yìí nìkan ni láàbù tó fún un níwèé yẹn ṣe, wọ́n kàn gbà pé A ni.

Èyí tí wọ́n fi iná mànàmáná ṣe ló tú àṣírí. A ló máa ń sáré síwájú, S á wà láàárín, C á máa wọ́ lẹ́yìn. Ìlà méjì ló yọ fún àbúrò mi, S àti C. Kò sí A rárá; SC ló ń dà á láàmú. Bàbá wa ló ní AS, Màámi ní AC. C yìí, àwa Yorùbá la ní in jù ní Nàìjíríà, síbẹ̀ S nìkan la máa ń bẹ̀rù. SC kì í sábà le tó SS, ló fi jẹ́ pé ẹlòmíràn á dàgbà kó tó mọ̀.

Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n fún un lóògùn ìrora, wọ́n sì yẹ ibà wò, àti kòkòrò inú eegun tó lè fara jọ ọ́. Ó ti ń rìn. Ó ku kí wọ́n ya fọ́tò ìgbarókó ẹ̀, kí dókítà ojú sì yẹ̀ ẹ́ wò, torí SC kì í fojú sílẹ̀. Màámi ṣì fi àdí ra á. Mi ò bá wọn jà.

Àfẹ́sọ́nà ẹ tó ní òun ní AS, àyẹ̀wò wo ló ṣe? Ìwọ náà sọ fún mi nígbà kan pé AC ni ẹ́. Fèsì kí ẹ tó mú ọjọ́ o.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́