Kọ́kọ́rọ́ Kan, Ilé Méjì

Ẹ̀rọ PlayStation 4 méjì ni àwa ọmọ ìyá ní: ọ̀kan ní Atokoligbé, ìkejì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa ní Kùtọnú. Àkáǹtì kan ṣoṣo la fi ra gbogbo eré wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan péré ni àkáǹtì ń gbà ní olórí. Òun nìkan ló ń ṣí eré bẹ́ẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n fi tiwọn ṣe olórí, àgádágodo hàn lórí eré tiwa. A bínú, a kò pè wọ́n mọ́.

Nígbà tí wọ́n wá ṣọdún iṣu ní Savalou, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, a jókòó sọ ọ́. Íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà já ní Kùtọnú. Atokoligbé ló yẹ kó jẹ́ olórí. Ohun tí a jọ ní, ká máa jọ pinnu rẹ̀.