Ìpàgọ́ Ìdílé ní Erékùṣù Assateague

Erékùṣù tóóró kan ni Assateague, ní etíkun Àtìláńtíìkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 60. Apá àríwá wà ní ìpínlẹ̀ Maryland, apá gúúsù sì wà ní Virginia. Òkun wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, ọ̀sà wà ní ìwọ̀-oòrùn. Ní oṣù Kẹta ọdún 1962, ìjì líle kan gbá ilé àti òpópónà tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ ti ń ṣe síbẹ̀ lọ. Nígbà tó di 1965, ìjọba àpapọ̀ sọ etíkun náà di ti gbogbo ará ìlú. Ìdí nìyí tí kò fi sí hòtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Inú àgọ́ tàbí inú ọkọ̀ tí a fi ṣe ilé ni ìdílé tó bá fẹ́ sùn mọ́jú ń sùn.

Ìhà Maryland ni ibùdó àgọ́ wà, oríṣi méjì sì ni. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ ní omi gbígbóná fún ìwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́ olómi, èyí tó dẹrùn fún ẹni tó ní ọmọ kékeré. Ní ti ìjọba àpapọ̀, ṣáláńgá ni, omi tútù ni wọ́n fi ń wẹ̀. Tábìlì àti ààrò irin wà nídìí àgọ́ kọ̀ọ̀kan. Èèkàn kúkúrú kì í dúró nínú iyanrìn, nítorí náà èèkàn gígùn ni kí ènìyàn mú lọ. Igi ò pọ̀, oòrùn sì mú. Ẹ̀fọn kún ìhà ọ̀sà bí atẹ́gùn bá dá.

Ìwẹ̀ òkun ni eré àkọ́kọ́, níbi tí àwọn òmùwẹ̀ tí ń ṣọ́ ènìyàn bá wà nígbà ooru. Àmọ́ akàn pípa nínú ọ̀sà ni tọmọdé tàgbà lè jọ ṣe. Okùn, ọrùn adìẹ àti àwọ̀n kékeré ti tó. Wọ́n á so ọrùn adìẹ mọ́ okùn, wọ́n á jù ú sómi. Bí okùn bá ń le díẹ̀díẹ̀, akàn ti dì í mú nìyẹn. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n á máa fà á, nítorí bí ọwọ́ bá yá jù, á jáwọ́. Kó tó yọ sójú omi ni wọ́n á ti fi àwọ̀n gbé e láti ìsàlẹ̀. Èyí tó bá kéré ju bí òfin ṣe wí, wọ́n á dá a padà.

Ẹṣin ìgbẹ́ ló sọ erékùṣù náà di olókìkí. Ọgbà ló pín agbo ti Maryland àti ti Virginia níyà ní ààlà. Àwọn panápaná ìlú Chincoteague, tó wà ní òdìkejì omi, ló ni agbo ti Virginia. Ní oṣù Keje lọ́dọọdún, wọ́n ń da ẹṣin wọn lúwẹ̀ẹ́ kọjá omi lọ sí Chincoteague, wọ́n á sì ta lára àwọn ọmọ ẹṣin náà ní gbàǹjo. Àárín àgọ́ ni ti Maryland ń rìn sí. Wọ́n ń gé ni jẹ, wọ́n ń tani nípàá, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń ṣí àpótí oúnjẹ. Òfin ní kí ènìyàn fi nǹkan bí mítà 12 jìnnà sí wọn. Ẹṣin tí a bá fún lóúnjẹ á máa sún mọ́ títì, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń pa á.

Ẹni tó bá ń wá ìgbádùn hòtẹ́ẹ̀lì, ìlú Ocean City ò jìnnà. Ẹni tó bá yan Assateague, kó tètè gba àyè, kó ti oúnjẹ rẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀, kó sì kọ́ ọmọ rẹ̀ pé ojú ni a fi ń kí ẹṣin níbẹ̀, a kì í fọwọ́ kàn án.